Òkè Kilimanjaro: Òjò-Dídì ní Agbedeméjì Ayé, àti Àwọn Tí Ó Kọ́kọ́ Jẹ́rìí Rẹ̀



Òkè kan ni mo fẹ́ bá yín sọ̀rọ̀ lé lórí ní ìrọ̀lẹ́ yìí. Ó wà ní ìlà-oòrùn Áfíríkà, ní ilẹ̀ Tanzania, nítòsí ààlà Kenya, orúkọ rẹ̀ sì ni Kilimanjaro. Kò sí òkè mìíràn ní gbogbo Áfíríkà tí ó ga tó o. Láti etí òkun dé ṣóńṣó orí rẹ̀ jẹ́ 5,895 mítà, èyí tí í ṣe 19,341 ẹsẹ̀ bàtà. Bí a bá to òkè Ìdànrè mẹ́ta léra wọn, a kò ní kan orí rẹ̀. Ó dá dúró ni láàárín pápá gbígbẹ, kò bá òkè mìíràn tò ní ọ̀wọ́. Nítorí náà ẹni tí ń bọ̀ láti ọ̀nà jíjìn a máa rí orí rẹ̀ ní funfun lójú ọ̀run nígbà tí ìkúùkù bá ti bo ìdí rẹ̀, bí ẹni pé kò fara kan ilẹ̀ rárá. Ní èdè Swahili, òkè kékeré ni à ń pè ní kilima. Bí ó bá jẹ́ pé inú ọ̀rọ̀ yìí ni orúkọ náà ti wá, a jẹ́ pé ẹni tí ó kọ́kọ́ sọ ọ́ fẹ́ràn ẹ̀fẹ̀.

Ibi tí ó wà kò ju nǹkan bí dígírì 3 lọ sí ìlà agbedeméjì ayé, ní ìhà gúúsù. Oòrùn ń ràn níbẹ̀ bí ó ti ń ràn lé wa lórí níhìn-ín, àní ó le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Síbẹ̀ òjò-dídì wà lórí òkè náà. Ẹ mọ ọ̀rọ̀ yìí nínú Bíbélì wa. Àwọn tí ó túmọ̀ Ìwé Mímọ́ sí èdè Yorùbá ní láti wá orúkọ fún ohun tí àwọn baba wa kò rí rí. Wọ́n pè é ní òjò-dídì, wọ́n sì fi yìnyín sílẹ̀ fún èyí tí àwa ti mọ̀, tí ń bá ìjì àkọ́rọ̀ òjò wá, tí àwọn ọmọdé ń sáré ṣà, tí ó sì ń di omi mọ́ wọn lọ́wọ́.

Lónìí kò sí ẹni tí ń jiyàn pé òjò-dídì wà lórí Kilimanjaro. Ṣùgbọ́n ní 1849, nígbà tí ìròyìn rẹ̀ kọ́kọ́ di títẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àwọn ọ̀mọ̀wé kan kò gbà á gbọ́. Ẹni tí ó sì mú ìròyìn náà wá jẹ́ òṣìṣẹ́ ẹgbẹ́ kan náà tí ó gbin ìjọ tiwa yìí. Nítorí náà ni mo ṣe rò pé ìtàn náà yẹ ní sísọ láàárín wa, kì í ṣe nítorí òkè nìkan, bí kò ṣe nítorí ọ̀rọ̀ ẹ̀rí: ẹ̀rí ta ni ènìyàn ń gbà, ti ta ni wọ́n ń kọ̀, kí sì ni ìdí rẹ̀?

Orúkọ òṣìṣẹ́ náà ni Johannes Rebmann. Ọmọ ilẹ̀ Württemberg ní Jámánì ni, ìlú Gerlingen ni a sì bí i sí ní 1820. Ó kẹ́kọ̀ọ́ ní Basel, lẹ́yìn náà ó lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ Ẹgbẹ́ C.M.S. ní Islington ní London, níbi tí Samuel Ajayi Crowther ti kẹ́kọ̀ọ́ ṣáájú rẹ̀ kí a tó fi í joyè àlùfáà ní 1843. Ní 1846, ọdún náà gan-an tí Crowther àti Townsend wọ Abẹ́òkúta, ni Rebmann gúnlẹ̀ ní Mombasa ní òdìkejì ilẹ̀ Áfíríkà. Ẹgbẹ́ kan ni ó rán wọn, àpò kan ni a sì ti ń ná owó fún wọn. Ẹni tí ó ti ṣáájú dé ibẹ̀ ni Johann Ludwig Krapf, tí aya rẹ̀ àti ọmọ rẹ̀ ìkókó kú sí Mombasa ní 1844, kí iṣẹ́ tó fìdí múlẹ̀ rárá. Àwọn méjèèjì kọ́lé sí Rabai, lókè díẹ̀ sí etí òkun. Ìrètí Krapf ni pé a ó to ibùdó ìwàásù léra wọn bí ìlẹ̀kẹ̀ láti ìlà-oòrùn dé ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà, títí àwọn ti ọ̀hún àti àwọn ti ìhà wa yóò fi pàdé. Èyí kò rí bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n òun ni ó mú kí Rebmann jáde lọ wo ilẹ̀ àwọn Chagga, tí wọ́n ń gbé lẹ́sẹ̀ òkè ńlá náà.

Ó gbéra ní Rabai ní ọjọ́ 27 oṣù April, 1848, pẹ̀lú àwọn aláàárù díẹ̀ àti afinimọ̀nà kan tí à ń pè ní Bwana Kheri. Òun fúnra rẹ̀ kò gbé ohun ìjà. Agboòrùn ni ó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Àwọn ará etí òkun ti kì í nílọ̀ nípa òkè náà. Wọ́n ní àwọn ẹ̀mí àìrí ń gbé orí rẹ̀, àti pé ẹni tí ó bá gùn ún yóò kú. Àwọn mìíràn sì ní fàdákà ni ó ń dán lókè ọ̀hún. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ 11 oṣù May, bí wọ́n ti ń sún mọ́ ilẹ̀ àwọn Chagga, Rebmann rí ohun funfun kan lórí òkè. Ó kọ́kọ́ rò pé ìkúùkù ni. Ó bi afinimọ̀nà rẹ̀ léèrè, ọkùnrin náà kò sì mọ orúkọ tí òun ìbá pè é. Ó kàn dáhùn pé òtútù ni. Nínú ìdáhùn kan ṣoṣo yìí ni ọ̀rọ̀ náà yé Rebmann, nítorí ọmọ ilẹ̀ òtútù ni òun jẹ́. Ó jókòó, ó sì ka Sáàmù tí ó kàn án láti kà ní ọjọ́ náà, èyí tí í ṣe ìkọkànléláàádọ́fà, tí ó ń sọ ti iṣẹ́ ńláńlá Olúwa.

Mo fẹ́ kí ẹ dúró díẹ̀ níhìn-ín pẹ̀lú mi, nítorí pé ìwé púpọ̀ tí ó sọ ìtàn yìí ń sọ ọ́ bí ẹni pé Rebmann nìkan ni ó ní ojú. Kò rí bẹ́ẹ̀. Àwọn Chagga ti mọ ohun tí ó wà lókè orí wọn tipẹ́tipẹ́. Kibo ni wọ́n ń pè é, orúkọ yìí náà ni a sì ń pe orí òkè tí ó ga jù títí di òní. Rebmann gbọ́ lọ́dọ̀ wọn pé Rungua, ọba Machame nígbà kan rí, ti rán ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ wo ohun funfun náà, bóyá fàdákà ni. Ẹnì kan ṣoṣo ni ó padà wá, Sabaya ni orúkọ rẹ̀, òtútù sì ti ba ọwọ́ àti ẹsẹ̀ rẹ̀ jẹ́. Wọ́n tún sọ fún un pé bí a bá bu ohun funfun náà sọ̀ kalẹ̀ nínú ìgò, omi lásán ni a óò bá níbẹ̀. Ẹ̀rí wo ni ó tún kù? Bí ẹnikẹ́ni ní London bá ti gbọ́ ìtàn ìgò náà, kí ó sì rò ó dáadáa, ì bá ti mọ̀ pé kò sí ohun mìíràn láyé tí ń ṣe bẹ́ẹ̀ bí kò ṣe omi tí ó dì. Rebmann tún padà lọ ní oṣù November ọdún náà, ó sún mọ́ òkè náà jù ti ìṣáájú lọ, tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi rí funfun orí rẹ̀ lóru nínú ìmọ́lẹ̀ òṣùpá. Ní ẹ̀ẹ̀kẹta, ní 1849, Mamkinga ọba Machame gba ẹrù rẹ̀ gbogbo, ó sì padà sílé ní òfo.

Ìwé ìròyìn Ẹgbẹ́ C.M.S. tẹ ìròyìn rẹ̀ jáde ní 1849. Ẹni tí ó takò ó jù ni William Desborough Cooley, ọmọ ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ jọ́gíráfì ní London. Ẹ má ṣe rò pé òmùgọ̀ ni. Ọkùnrin náà ti ka ìwé àwọn ará Pọtogí àti ti àwọn Lárúbáwá, ó ti fi ọ̀rọ̀ wá àwọn oníṣòwò lẹ́nu wò, ó sì ti ya àwòrán ilẹ̀ inú Áfíríkà nínú yàrá rẹ̀. Ṣùgbọ́n kò fi ẹsẹ̀ tẹ ìlà-oòrùn Áfíríkà rí ní ọjọ́ ayé rẹ̀. Nínú ìwé tí ó tẹ̀ jáde ní 1852, ó fi ìròyìn òjò-dídì náà ṣe ẹ̀sín, ó sì fi ẹ̀bi rẹ̀ lé ojú Rebmann, pé kò ríran dáadáa. Àwọn baba wa wí pé ìròyìn kò tó àfojúbà. Níhìn-ín, ẹni tí kò ní ju ìròyìn lọ ni ó ń sọ fún ẹni tí ó fojú bà á pé kò rí ohun tí ó rí.

Ohun tí ó yà mí lẹ́nu jù nínú ọ̀ràn náà ni pé kò yẹ kí ó ṣòro fún wọn láti gbà. Ní ilẹ̀ Ecuador ní Amẹ́ríkà ti Gúúsù, òkè Chimborazo wà nítòsí ìlà agbedeméjì ayé, òjò-dídì sì bò ó lórí. Alexander von Humboldt ti gùn ún jìnnà ní 1802, gbogbo ilẹ̀ Yúróòpù sì ti ka ìwé rẹ̀. Bí ó bá lè rí bẹ́ẹ̀ ní Amẹ́ríkà, kí ni kò jẹ́ kí ó rí bẹ́ẹ̀ ní Áfíríkà? Mo rò pé ohun tí wọ́n kọ̀ kì í ṣe òjò-dídì bí kò ṣe ẹni tí ó sọ ọ́: oníwàásù tí kò lókìkí, tí kò ní ohun èlò ìwọ̀n lọ́wọ́, tí ẹlẹ́rìí rẹ̀ kò sì ju afinimọ̀nà àti àwọn aláàárù lọ.

Nísinsìnyí ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí tí òtútù fi wà níbẹ̀, nítorí àwọn ọ̀dọ́ yóò béèrè. Ènìyàn lè rò pé bí a bá ti ń sún mọ́ oòrùn sí i ni ó yẹ kí ooru máa pọ̀ sí i. Ṣùgbọ́n kì í ṣe afẹ́fẹ́ ni oòrùn ń kọ́kọ́ mú gbóná. Ilẹ̀ ni, ilẹ̀ ni ó sì ń mú afẹ́fẹ́ tí ó sún mọ́ ọn gbóná. Afẹ́fẹ́ tí ó bá gòkè a fẹjú, nítorí ohun tí ó tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ dínkù. Bí ó bá sì ti ń fẹjú ni ó ń tutù. Nínú 1,000 mítà tí a bá gùn, nǹkan bí dígírì Celsius 6 ni ooru fi ń dínkù. Ìlú Moshi tí ó wà lẹ́sẹ̀ òkè náà gbóná bí ìlú tiwa. Bí a bá ṣe ìṣirò náà láti Moshi dé orí Kibo, a óò rí i pé ìwọ̀n ooru ibẹ̀, bí a bá pín in dọ́gba ní gbogbo ọdún, jẹ́ nǹkan bí dígírì 7 nísàlẹ̀ ibi tí omi ti ń dì. Oṣù kan kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí èkejì ní ti òtútù. Ọ̀sán àti òru ni ó yàtọ̀. Oòrùn ọ̀sán a máa jó ènìyàn lójú, omi inú ìgò a sì dì gbagidi lóru ọjọ́ náà.

Òkè náà fúnra rẹ̀ jẹ́ iṣẹ́ iná. Ó ti yọ iná àti èéfín láti inú ilẹ̀ ní ayé àtijọ́, ohun tí ó tú jáde sì ni ó to ara rẹ̀ jọ di òkè. Orí mẹ́ta ni ó ní. Shira ni ó dàgbà jù, ó sì ti wó lulẹ̀ di pẹ̀tẹ́lẹ̀ gíga ní ìwọ̀-oòrùn. Mawenzi, tí ó ga ní 5,149 mítà, rí págunpàgun bí eyín tí ó kán. Kibo ni ó wà láàárín, òun ni ó kéré jù ní ọjọ́ orí. Kòtò ńlá wà lórí Kibo, kòtò mìíràn sì wà nínú rẹ̀, níbi tí òórùn imí-ọjọ́ ṣì ń rú jáde. A fi orúkọ àlùfáà ìjọ Lutheran kan, Richard Reusch, pe kòtò inú yìí, ẹni tí ó gun òkè náà ní ọ̀pọ̀ ìgbà, tí ó sì bá òkú àmọ̀tẹ́kùn kan tí ó gbẹ nínú òtútù ní ẹ̀bá kòtò náà ní 1926. Kò sí ẹni tí ó lè sọ ohun tí ẹranko náà wá lọ síbẹ̀.

Bí ènìyàn bá gun òkè náà láti ìsàlẹ̀, ó dà bí ìgbà tí ó bá ti ilẹ̀ wa rìn lọ sí òpin ayé ní ìwọ̀n ọjọ́ mélòó kan. Oko ni a ń kọ́kọ́ là kọjá: ọ̀gẹ̀dẹ̀, kọfí àti ewébẹ̀, tí àwọn Chagga gbìn pọ̀ mọ́ra yí ilé wọn ká lábẹ́ òjìji igi ńlá. Wọ́n ti ń gbẹ́ ojú ìṣàn omi láti ayébáyé, láti inú odò ìhà òkè wá sí oko, ìdílé ìdílé ni wọ́n sì fi ń pín omi náà. Láti nǹkan bí 1,800 mítà ni igbó kìjikìji bẹ̀rẹ̀, tí ewédò bo igi rẹ̀, tí ọ̀bọ onírun dúdú àti funfun ń fò kiri nínú rẹ̀. Ibẹ̀ ni òjò ti pọ̀ jù. Afẹ́fẹ́ tí ń ti Òkun India wá a ta lu òkè náà, a gbéra sókè, a tutù, a sì tú omi rẹ̀ sílẹ̀. Nítorí náà ìhà gúúsù tútù, ìhà àríwá sì gbẹ. Òjò ńlá ń rọ̀ láti March dé May, òjò kékeré sì ń rọ̀ ní nǹkan bí November. Nínú igbó ìhà gúúsù, òjò ọdún kan lè ju 2,000 mìlímítà lọ. Ṣùgbọ́n lókè téńté, kò tó ìdá mẹ́wàá èyí, nítorí ìkúùkù kò sábà gòkè débẹ̀.

Lẹ́yìn igbó, igi a kúrú di igbó ṣúúrú, lẹ́yìn náà koríko, àti àwọn ewéko tí kò sí irú wọn níbòmíràn bí kò ṣe lórí àwọn òkè gíga ìlà-oòrùn Áfíríkà. Ọ̀kan nínú wọn ń dúró bí ọ̀pó, ó ga ju ènìyàn lọ, òkú ewé rẹ̀ sì ń rọ̀ mọ́ ọn lára bí ẹ̀wù òtútù. Òmíràn, lobelia, a máa pa ewé rẹ̀ dé lálaalẹ́ kí òtútù má ba à pa ọkàn rẹ̀. Láti 4,000 mítà lọ sókè, ilẹ̀ náà di aṣálẹ̀ òkúta àti iyanrìn. Lẹ́yìn èyí ni omi dídì.

Ìdáláre Rebmann kò pẹ́ jù. Ní 1861 ọmọ Jámánì kan, Karl Klaus von der Decken, lọ wọn òkè náà pẹ̀lú Richard Thornton, onímọ̀ òkúta. Ní 1862 ó tún lọ pẹ̀lú Otto Kersten, wọ́n gùn ún kọjá 4,000 mítà, òjò-dídì sì rọ̀ lé wọn lórí lóru. Ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ jọ́gíráfì ní London fi àmì-ẹ̀yẹ wúrà dá a lọ́lá ní 1864. Ní 1871, Charles New, oníwàásù ìjọ Mẹ́tọ́díìsì kan, gùn ún títí ó fi tẹ òjò-dídì náà. Ó padà wá lẹ́yìn ọdún díẹ̀, ọba Moshi gba ohun ìní rẹ̀, ó sì kú lójú ọ̀nà bí ó ti ń padà lọ sí etí òkun ní 1875. Ní ti Rebmann, ó dúró sí Áfíríkà fún ọdún 29 láìlọ sílé, ó ń kọ ìwé atúmọ̀ èdè, ó ń kọ́ ìjọ kékeré tí ó wà ní Rabai. Ojú rẹ̀ fọ́ nígbẹ̀yìn. Nígbà tí wọ́n mú un padà dé Yúróòpù ní 1875, kò lè rí ọ̀nà mọ́, ó sì kú ní Korntal ní 1876. Ojú tí Cooley sọ pé kò ríran ní 1852 ti rí ohun tí ó fẹ́ rí kí ó tó fọ́.

Ẹni tí a kọ sílẹ̀ pé ó kọ́kọ́ dé ṣóńṣó rẹ̀ ni Hans Meyer, ọmọ Jámánì, pẹ̀lú Ludwig Purtscheller, ọmọ Austria. Ìgbà kẹta tí Meyer gbìyànjú rẹ̀ nìyẹn. Ní 1887 ògiri omi dídì dá a dúró. Ní 1888 àwọn tí ó dìde sí ìjọba Jámánì mú un ní ìgbèkùn, ó sì san owó kí wọ́n tó dá a sílẹ̀. Ní ọjọ́ 6 oṣù October, 1889, ó dé orí rẹ̀ lẹ́yìn tí wọ́n ti fi àáké gbẹ́ ìtẹ̀sẹ̀ lára omi dídì. Ó fi orúkọ Kaiser pè é, ó sì mú òkúta láti orí rẹ̀ lọ fún Kaiser náà. Àwọn ará Marangu kò gbàgbé láti sọ pé ọmọ ìlú wọn, Yohani Kinyala Lauwo, ni ó ṣe amọ̀nà ìrìn-àjò náà. Ìwé ìtàn ti ìgbà náà kò fún un ní àyè. Ní December 1961, nígbà tí Tanganyika gba òmìnira, ọmọ ogun kan, Alexander Nyirenda, gbé iná àti àsíá lọ sókè ní òru, a sì yí orúkọ ṣóńṣó náà padà sí Uhuru, èyí tí í ṣe òmìnira.

Láti 1973 ni ìjọba ti sọ òkè náà di ilẹ̀ ìpamọ́, ẹgbẹẹgbẹ̀rún àlejò ni ó sì ń gùn ún lọ́dọọdún láti gbogbo ayé. Ẹni tí ó bá gba ọ̀nà Marangu a sùn nínú ilé onípákó; ẹni tí ó bá gba ti Machame a sùn nínú àgọ́. Kò pọn dandan kí ènìyàn fi okùn gùn ún, ẹsẹ̀ lásán tó, ohun tí ó sì ń tan ọ̀pọ̀ jẹ nìyẹn. Afẹ́fẹ́ orí Kibo fúyẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí ohun tí èémí kan ń fún ara kò ju nǹkan bí ìdajì èyí tí a ń rí ní etí òkun. Orí a máa fọ́ ènìyàn, oúnjẹ a kọ̀; bí ó bá sì le jù, omi a wọ ẹ̀dọ̀fóró tàbí ọpọlọ, ẹni náà a sì kú bí a kò bá tètè gbé e sọ̀ kalẹ̀. Nítorí náà ni àwọn amọ̀nà fi ń ké sí àwọn àlejò ní gbogbo ìgbà pé pole pole, ìyẹn ni pé díẹ̀díẹ̀. Ọ̀dọ́kùnrin alágbára tí ó fẹ́ ṣe é wéré ni ó sábà ń ṣubú; ìyá arúgbó tí ń rìn jẹ́jẹ́ a sì débẹ̀. Ní òru ni wọ́n ń gun èyí tí ó kẹ́yìn, nígbà tí òtútù ti di iyanrìn mú, kí ilẹ̀ lè mọ́ bá wọn lórí kòtò. Kò sì sí èyíkéyìí nínú wọn tí ìbá débẹ̀ bí kì í bá ṣe àwọn aláàárù Chagga, tí ń ru oúnjẹ àti àgọ́ ṣáájú wọn.

Ohun tí àwọn wọ̀nyí ń bá lókè nísinsìnyí kì í ṣe ohun tí Meyer bá mọ́. Nígbà tí a ya àwòrán omi dídì náà ní 1912, ó gba ilẹ̀ tí ó tó kìlómítà 12 níbùú lóòró. Ní 2011 kò tó 2 mọ́. Ní 2012 pápá omi dídì ti ìhà àríwá, tí ó tóbi jù, ya sí méjì. Níbí náà ni ọ̀rọ̀ ẹ̀rí tún ti padà dé. Ní 2000, Lonnie Thompson àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ láti Amẹ́ríkà gbẹ́ ihò sínú omi dídì náà láti ka ìtàn rẹ̀. Wọ́n wí pé ó ti wà níbẹ̀ fún ọdún 11,700, wọ́n sì ṣírò rẹ̀ pé yóò tán láàárín 2015 sí 2020. Ọdún wọ̀nyẹn kọjá, omi dídì díẹ̀ ṣì wà. Àwọn kan bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, wọ́n ní irọ́ ni gbogbo ọ̀rọ̀ ìyípadà ojú ọjọ́. Mo rí Cooley nínú ẹ̀rín náà. Àṣìṣe nínú kíka ọdún kò sọ omi dídì tí ó ti lọ di èyí tí ó padà wá. Ẹni tí ó bá gbé àwòrán 1912 sẹ́gbẹ̀ẹ́ ti òní yóò rí i.

Ó sì tọ́ kí a gbọ́ ti àwọn mìíràn pẹ̀lú. Georg Kaser, Thomas Mölg, Douglas Hardy àti àwọn tí ó bá wọn ṣiṣẹ́ gbé ohun èlò kalẹ̀ lórí òkè náà, wọ́n sì ń ka òtútù, afẹ́fẹ́ àti oòrùn níbẹ̀ ní ọdún dé ọdún. Ohun tí wọ́n rí ni pé nínú afẹ́fẹ́ tí ó wà nísàlẹ̀ ibi tí omi ti ń dì, oòrùn ni ó ń gbẹ́ ògiri omi dídì náà, púpọ̀ nínú rẹ̀ a sì di oruku lọ láìkọ́kọ́ di omi, bí aṣọ tútù ti ń gbẹ nínú ọyẹ́. Wọ́n sì rí i pé láti nǹkan bí 1880 ni ojú ọjọ́ ìlà-oòrùn Áfíríkà ti gbẹ sí i, òjò-dídì tí ìbá máa rọ́pò èyí tí ń lọ kò sì tó mọ́. Èyí kò sọ pé ooru ayé tí ń pọ̀ sí i kò lọ́wọ́ nínú rẹ̀. Ó sọ pé ìdí rẹ̀ ju ẹyọ kan lọ. Èmi gba ẹ̀rí wọn, nítorí wọ́n débẹ̀, wọ́n dúró níbẹ̀, wọ́n sì kọ ohun tí wọ́n rí sílẹ̀ títí kan èyí tí kò bá ọkàn ẹnikẹ́ni mu.

Ohun kan ṣì kù tí àwọn àlejò sábà máa ń ṣì mú. Wọ́n rò pé bí omi dídì bá tán, odò àwọn Chagga yóò gbẹ. Omi tí ń ti orí Kibo ṣàn wá kéré púpọ̀. Inú igbó ni omi wọn ti ń wá, láti inú òjò àti láti inú ìkúùkù tí ewé igi ń mú tí ó sì ń kán sílẹ̀. Nígbà tí òjò dínkù, iná ń jó apá òkè igbó náà léraléra, ààlà rẹ̀ sì ń sọ̀ kalẹ̀. Àwọn tí ó wádìí rẹ̀ wí pé omi tí ó bá èyí lọ pọ̀ ju èyí tí ó bá omi dídì lọ. Nítorí náà ni ìjọba Tanzania fi ka gígé igi léèwọ̀ nínú igbó náà, tí wọ́n sì ń gbin igi sí ibi tí iná ti jó.